Ohun Tí Mi Ò Kà Nínú Lẹ́tà Ará Ìrókò

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi dáhùn ìbéèrè àwọn èèyàn lórí Bíbélì, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo mọ ìdáhùn. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe nígbà náà, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Moníyà. Ìjọ wa ní ìwé ìròyìn kékeré kan tó ń jáde lóṣooṣù, ojú ewé mẹ́jọ péré, tí a máa ń pín fún àwọn ìjọ kéékèèké tó wà láwọn abúlé káàkiri agbègbè Akínyẹlé. Ojú ewé keje ni tèmi. Ìbéèrè á wà lókè, ìdáhùn á wà nísàlẹ̀. A kì í kọ orúkọ ẹni tó béèrè, orúkọ ìlú rẹ̀ nìkan la máa ń kọ.

Kò sí ohun tí wọn kì í bi mí. Níbo ni Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́? Bí ọkọ mi bá ní kí n má lọ sí ìsọjí, ta ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ṣé ó yẹ kí Kristẹni jẹ ẹran iléyá tí aládùúgbò gbé wá fún un? Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Lẹ́tà èébú mẹ́ta ni mo gbà lórí ẹran yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí mo mọ̀ dájú pé òun náà ń jẹ ẹ́.

N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá ń kọjá ní gáréèjì Moníyà, tí ẹnì kan ké sí mi pé "Tíṣà Ìbéèrè!", orí mi á wú. Ní ilé ìwé, ọ̀gá àgbà ló ń sọ ohun tí mo máa ṣe. Ní ojú ewé keje, èmi ni mò ń sọ fún àwọn èèyàn ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n sì ń ṣe é.

Ojú ewé náà kéré ju ọ̀rọ̀ tó ń wá síbẹ̀ lọ. Bébà kan tó dà bí awọ la fi ń tẹ ìwé náà. A ó fi táípù gún ọ̀rọ̀ sí i lára, a ó wá dè é mọ́ ẹ̀rọ kan tí a ń fọwọ́ yí. Táípù wa kò ní àmì tó ń lọ sábẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà, èmi ni mo máa ń fi imú abẹ́rẹ́ gún wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ń roni lójú ni. Mo wá pinnu pé ìbéèrè kan kò gbọdọ̀ ju ìlà méjì lọ, ìdáhùn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà.

Àmọ́ ta ló ń kọ lẹ́tà onílà méjì nínú àwọn èèyàn wa? Wọ́n á kọ́kọ́ kí mi, wọ́n á kí ìyàwó mi, wọ́n á kí àwọn ọmọ, wọ́n á kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n á kí mi kú òjò tàbí kú ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ ọ́ pé, "Ìbéèrè mi ni pé." Ó pẹ́ kí n tó mọ ọgbọ́n tí màá dá sí i. Bí mo bá ti ṣí lẹ́tà, bíírò pupa á ti wà lọ́wọ́ mi, ojú mi á sáré títí á fi kan "Ìbéèrè mi ni pé", màá fa ìlà sábẹ́ ohun tó tẹ̀ lé e, màá sì sọ lẹ́tà náà sínú páálí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ìlà pupa, mo gbà pé "ó dìgbà" ni, àti "ẹ bá mi kí wọn nílé."

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń lọ yọ àwọn lẹ́tà náà nínú páálí lọ́jọ́ Sátidé, tó máa ń ka ìkíni inú wọn.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló máa ń sọ, "ẹ̀yin mà ni wọ́n kí."

"O bá mi jẹ́ wọn," lèmi náà máa ń dá a lóhùn, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ. Láwọn abúlé, ọ̀pọ̀ kò mọ̀wé kà. Nítorí náà, tí ìwé wa bá dé, wọn á dúró lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnì kan tó mọ̀wé á dìde, á ka ìwé náà sétí gbogbo ìjọ. Wọ́n á ka àwọn ojú ewé yòókù lẹ́ẹ̀kan. Tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń kà á. Ohun tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé náà, lójú tiwọn, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì bà mí lẹ́rù nígbà náà.

Lẹ́tà kan wá wọlé láti Ìrókò, lásìkò tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú. Awakọ̀ kan ló mú un wá, ó ti ká a sí mẹ́rin sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bébà méjì tí wọ́n fà ya láti inú ìwé ọmọ ilé ìwé ni, ọwọ́ ìkọ̀wé náà tóbi, ó sì rọra ń lọ bí ọwọ́ ẹni tó kọ́ ìwé lágbà. Ojú mi sáré kọjá ìkíni. Mo rí i pé: "Ìbéèrè mi ni pé, bí Kristẹni bá jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ, tí Ọlọ́run sì ṣe ohun tó tọrọ fún un, ǹjẹ́ ó lè yẹ ẹ̀jẹ́ náà?"

Inú mi dùn nítorí pé ó rọrùn. Mo fa ìlà pupa. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé rárá, kò lè yẹ̀ ẹ́. Mo tọ́ka sí Oníwàásù orí karùn-ún, níbi tó ti ní ó sàn kéèyàn má jẹ́jẹ̀ẹ́ rárá ju kó jẹ́ ẹ kó má san án lọ. Ìdáhùn náà di ìlà márùn-ún. Ó ku ìlà kan. Mo wá fi kún un pé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú un yẹ ẹ̀jẹ́ náà, ìdánwò ni, ìbáà jẹ́ ẹbí rẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹbí kankan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn dùn létí ni mo ṣe kọ ọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ìwé tó jáde. Wọ́n kà á káàkiri lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa láàárọ̀, mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ráyè yọ lẹ́tà nínú páálí fún bí oṣù kan, àmọ́ ó ti lọ yọ wọ́n lọ́jọ́ náà, ó ń kà wọ́n bó ti ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀wà nínú àwo mọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló sọ, "kí lẹ kọ fún ará Ìrókò yìí?"

Mo ní ẹ̀jẹ́ ló béèrè, mo sì ti dá a lóhùn.

"Kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn."

Ó wá ka ohun tó wà lẹ́yìn ìlà pupa mi sókè. Mo ṣì ní lẹ́tà náà lọ́wọ́ títí dòní, mo sì lè kọ ọ́ láìwò ó:

"Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé, nígbà tí gìrì mú ọmọ mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá mi tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí ní Lálúpọn sọ pé torí mo kúrò nínú ẹ̀sìn àwọn ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, mo ní bí ọmọ mi bá yè, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ inú ilé bàbá mi mọ́ títí wọ́n á fi kú. Ọmọ náà yè, mi ò sì débẹ̀ mọ́. Báyìí, ara bàbá mi ò yá. Wọ́n ń pe orúkọ mi. Wọ́n gbọ́ nípa ẹ̀jẹ́ náà, wọn ò bínú. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n má wọlé, kí n kàn wá dúró sí etí títì, wọ́n á ní kí wọ́n gbé àwọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, kí àwọn lè fojú rí èmi àti ọmọ náà. Tíṣà, tí mo bá dúró sí etí títì, ṣé mo ti yẹ ẹ̀jẹ́ nìyẹn? Ẹ̀rù ọmọ mi ló ń bà mí. Alàgbà wa níbí ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ."

Ìyàwó mi ní kí n mú ìwé ìròyìn náà wá. Mo mú un wá. Ó ka ojú ewé keje, ó kà á dé ibi tí mo ti kọ "ìbáà jẹ́ ẹbí rẹ̀". Ó dìde, ó wọlé lọ, ó sì gbé bàtà mi jáde.

Ojú tì mí. Mo dúró pẹ́ ní Moníyà kí n tó rí ọ̀kadà kan tó ní epo tó lè gbé mi dé Ìrókò. Nígbà tí mo débẹ̀, mo lọ bá alàgbà ìjọ wọn, òun ló sì mú mi dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé kan. Ó tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọkùnrin bí ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. A ti gbọ́ ìdáhùn yín, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á."

Mi ò tíì gba ìdúpẹ́ tó wúwo tó yẹn rí. Mo ní kó dìde.

"Mo ti ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ Ajé," ló tún sọ, "mo ní mi ò ní lè wá. Awakọ̀ tó ń kó gàrí ló bá mi jẹ́ ẹ."

"Arábìnrin, ẹ má bínú. Mi ò ka lẹ́tà yín tán kí n tó dáhùn."

Ó wò mí. "Ẹ ò kà á tán báwo?"

"Ibi tí ìbéèrè wà ni mo kà á dé."

"Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ìbéèrè wà, sà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn ń tọ́ mi sọ́nà bí mo ti máa ń tọ́ ọmọ tó ka ìlà tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní kó kà. Mo sọ fún un pé etí títì kì í ṣe inú ilé, pé ó lè lọ, pé kí a dìde ká jọ lọ nísinsìnyí. Kò dìde. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣé Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ̀yin?"

Láti ọdún tí mo ti ń kọ ojú ewé keje, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní ìyẹn. Mo ní, "Èmi ni. Bí ìyà bá wà níbẹ̀, orí tèmi ni kó wá."

"Àmọ́ kò sí nínú ìwé."

Ó wọlé lọ, ó mú ìwé ìròyìn náà jáde. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀dà kan tirẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì. Mo mú bíírò nínú àpò mi, mo kọ ọ́ sí etí ojú ewé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tí a tẹ̀: "Etí títì kì í ṣe inú ilé. Ẹ lè lọ." Mo fi gbogbo àmì sí i. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń kà á. Ó wá ká ìwé náà, ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó fọ ọwọ́ ọmọ náà, ó sì wọ ẹ̀wù míì fún un.

Ọkọ̀ mẹ́ta la wọ̀ kí a tó dé Lálúpọn. Ọmọ náà sùn lé mi lẹ́sẹ̀ láti Ìbàdàn lọ.  Ìyá rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan pé bàbá òun ló kọ́ òun ní bí a ṣe ń mọ ẹ̀gẹ́ tó ti gbó láìtíì wú u. Mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi, àdúrà náà ò sì ju pé kí ọkọ̀ yára.

A dé nígbà tí wọ́n ń ti ìrun alásàrí bọ̀. Mo rí igi máńgòrò náà kó tó fi hàn mí. Àga onígi kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí, tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí títì. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Obìnrin náà dúró sí etí títì, ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́, kò gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ibẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé gbójú sókè, ó rí wọn, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn ló sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jáde wá bá wa, àgbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ìjẹta ni," ló sọ. "Lẹ́yìn ìrun àìlà. A ti sin wọ́n kí alásàrí tó tó. A fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀."

Àbúrò rẹ̀ kò sunkún. Ó bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n jáde?"

"Wọ́n jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń gbé wọn jáde. Tí a bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á ní ká gbé àwọn, kó má lọ di pé o dé kí o má bá àwọn níta. Nígbà tí iṣẹ́ tí o rán dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní ká ṣáà gbé àwọn jáde, bóyá wàá tún inú rò. Ọjọ́rú náà, a gbé wọn. Ọjọ́bọ̀ ni wọn ò lè jókòó mọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọlọ́hun á forí jìn wọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni kí ló dé tí etí títì náà fi nira. Ta ló ní kí o má dúró sí etí títì?"

Àbúrò rẹ̀ tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó fún un ní ìwé náà. Ilé kéú nìkan ni ọkùnrin náà lọ. Ó wo ojú ewé keje síwá sẹ́yìn, ó sì nà án sí mi.

"Àlejò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á."

Mo kà á. Kò sí bí mo ṣe lè fò ó. Mo ka ìbéèrè, mo ka "rárá", mo ka Oníwàásù, mo kà á títí dé "ìbáà jẹ́ ẹbí rẹ̀". Àwọn ará ilé ti jáde, wọ́n dúró yí wa ká, bí wọ́n ti máa ń dúró láwọn ìjọ wa lẹ́yìn ìsìn.

"Ta ló kọ ọ́?" ni ẹ̀gbọ́n náà béèrè.

"Èmi ni."

 Mo ń dúró de ohun tó tọ́ sí mi.

"Ẹ ka ti ẹ̀gbẹ́ náà, sà," obìnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbìyànjú láti gbè mí.

Mo kà á: "Etí títì kì í ṣe inú ilé. Ẹ lè lọ."

"Ìyẹn dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìgbà wo lẹ kọ ìyẹn?"

"Lónìí."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún àbúrò rẹ̀, ó wá sọ fún un pé kó máa bọ̀ nínú ilé, pé títí wọ́n á fi kú ló sọ, wọ́n sì ti kú. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà wá sunkún. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àga náà kọjá, ó sì wọ ilé bàbá rẹ̀. Ó ti san ẹ̀jẹ́ náà tán, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó san án.

Ẹ̀gbọ́n náà ní kí wọ́n bu omi wá fún àlejò. Ọmọbìnrin kan gbé e wá nínú ife, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jókòó, ọ̀nà yín jìn." Àga kan ṣoṣo ló wà níta níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mu omi náà lórí ìdúró.